Orúkọ Tí A Fi Ka Ìdáàṣà

Ní ọdún 2013 tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ka àwọn ará ìlú rẹ̀ ní ìgbà kẹrin, àwọn òṣìṣẹ́ ìkànìyàn dé ẹsẹ̀ òkè ní Dassa-Zoumè, wọ́n ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé. Wọ́n béèrè ọjọ́ orí, wọ́n béèrè iṣẹ́, wọ́n béèrè ẹ̀yà. Ọ̀pọ̀ ló dáhùn pé Ìdáàṣà ni àwọn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì kọ ọ́. Àmọ́ nígbà tí àpapọ̀ iye jáde ní Kútọnu, Ìdáàṣà ti wọnú àkójọ kan tí wọ́n pè ní Yorùbá àti àwọn tó bá wọn tan, òun àti Ṣábẹ̀ẹ́, Nàgó, Ìṣà, Ìfẹ̀, Ìjẹ àti Mọ̀kọ́lé. Àkójọ náà kó ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ará Bẹ̀nẹ̀. Ẹni tó ń pín owó níbẹ̀ wò ó, ó rí i pé ẹ̀yà yìí ò kéré rárá. Fọ̀n àti Àjà nìkan ló pọ̀ jù ú lọ. Wọ́n ní ìwé, wọ́n ní ọ̀mọ̀wé, wọ́n ní ẹbí tó pọ̀ lọ súà ní Nàìjíríà. Kí ló tún kù tí wọ́n ń wá?

Iṣẹ́ ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ni mo ṣe dàgbà ní ẹkùn Collines. Ọmọ Kétu ni mí, mo sì ti pẹ́ nídìí kíkọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé láàárín Ìdáàṣà, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ìṣà. Mo tún máa ń bá àwọn oníwàádìí rìn nígbà tí wọ́n bá ń wá ẹni tó mọ ọ̀nà abúlé. Ohun tí iṣẹ́ náà kọ́ mi kò ju ẹyọ kan lọ: orúkọ tí a bá fi ka ènìyàn ni ìrànwọ́ fi ń wá a kiri. Bí orúkọ náà bá fẹ̀ ju ènìyàn náà lọ, ìrànwọ́ á dé ìlú rẹ̀, á sì kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láìdúró.

Dassa-Zoumè, tí àwọn ará rẹ̀ ń pè ní Igbó Ìdáàṣà, wà ní Collines, ní nǹkan bí 200 kìlómítà sí àríwá Kútọnu, níbi tí títì ti pẹ̀ka: ọ̀kan gba Glazoué àti Savè lọ sí Parakou, èkejì forí lé Savalou àti Djougou. Òkè 41 ni wọ́n máa ń kà fún ìlú náà. Ìtàn ìdílé ọba sọ pé Jagun Ọlọ́fin tó ti ìhà Ẹ̀gbá wá ló dá ìjọba ibẹ̀ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ìdílé náà ní Ọmọ Jagun. Nígbà tí Gẹ̀zò (1818–1858) àti Glèlè (1858–1889) ń jọba ní Àgbómẹ̀, ogun Dàhòmì kì í jẹ́ kí agbègbè yìí sùn. Àwọn ènìyàn gun òkè, wọ́n kọ́lé sáàárín àpáta, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ wá dáko. Lẹ́yìn tí Béhanzin, tó jọba lẹ́yìn wọn, ti juwọ́ sílẹ̀ fún Faransé ní 1894 ni wọ́n tó ń kó wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ní 1898 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fa ààlà wọn tán. Ẹ̀gbá àti Ọ̀yọ́ bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ìdáàṣà àti Ṣábẹ̀ẹ́ bọ́ sọ́dọ̀ Faransé. Bíbélì tí Àjàyí Crowther ṣáájú ìtumọ̀ rẹ̀, ìwé ìròyìn, ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì tó ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá, ọ̀hún ni wọ́n pọ̀ sí. Lápá ìhín, Faransé ni olùkọ́ ń sọ ní kíláàsì. Nítorí náà, bí ìwé Yorùbá bá ṣàjèjì lójú àgbà kan lórí òkè Ìdáàṣà, kì í ṣe pé ó kọ baba rẹ̀ sílẹ̀. Ààlà ló là wọ́n láàárín.

Kọ̀múùnù Dassa-Zoumè kó bíi 112,000 ènìyàn ní ìkànìyàn 2013, agbègbè mẹ́wàá ló sì pín sí. Kì í ṣe Ìdáàṣà nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Ní Paouignan, ní ìhà gúúsù, Màhì ni wọ́n ń sọ. Fúlàní darandaran wà nínú oko. Ní ibùdókọ̀, àti lóṣù kẹjọ ọdọọdún tí àwọn Kátólíìkì láti gbogbo orílẹ̀-èdè bá rọ́ wá sí ihò Arigbo, Fọ̀n àti Faransé ló ń ṣojú gbogbo èdè. Ẹni tó kéré ní orílẹ̀-èdè lè jẹ́ ọ̀pọ̀ ní kọ̀múùnù, kí ẹlòmíràn tún wà níbẹ̀ tó kéré sí òun náà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣètò fún ẹ̀yà kékeré ní Collines ní láti gbé èyí sọ́kàn kó tó gbé kálàmù.

Ká sọ tòótọ́, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ èdè. Ní 26 oṣù kẹwàá 1972 ni Mathieu Kérékou gba ìjọba. Nínú ọ̀rọ̀ tó ka ní 30 oṣù kọkànlá ọdún náà, ó kéde pé a ó gbé àwọn èdè ilẹ̀ wa ga. Ní 1975 ni àṣẹ ìjọba fìdí álífábẹ́ẹ̀tì kan múlẹ̀ fún gbogbo èdè orílẹ̀-èdè. Kíláàsì àgbà bẹ̀rẹ̀ sí hù ní abúlé, lábẹ́ igi, lábẹ́ àtíbàbà, ní ẹ̀yìn ilé olórí abúlé. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ èdè tí ìjọba gbé kalẹ̀ ya àwòrán ilẹ̀ tó fi ibi tí wọ́n ti ń sọ èdè kọ̀ọ̀kan hàn, ó jáde ní 1983. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ yẹn ṣe é tọkàntọkàn. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó wá di olùkọ́ lẹ́yìn wọn, orí ọ̀nà tí wọ́n là la ti ń rìn.

Lẹ́yìn àpérò gbogbogbò oṣù kejì 1990, òfin ìpìlẹ̀ tuntun jáde ní 11 oṣù kejìlá ọdún náà. Abala 11 rẹ̀ ni gbogbo wa tó wà nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ lórí. Gbólóhùn méjì ló ṣe pàtàkì níbẹ̀. Èkíní sọ pé gbogbo àwùjọ tó para pọ̀ di Bẹ̀nẹ̀ ní òmìnira láti máa lo èdè wọn, ní sísọ àti ní kíkọ, kí wọ́n sì mú àṣà wọn dàgbà, kí wọ́n má tẹ ti ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Èkejì sọ pé dandan ni fún ìjọba láti ti ìdàgbàsókè àwọn èdè tí ẹ̀yà kan fi ń bá ẹ̀yà mìíràn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn. Ẹ kà wọ́n dáadáa. Gbólóhùn àkọ́kọ́ fún gbogbo ènìyàn láyè. Èkejì ni owó wà nínú rẹ̀, àwọn èdè ńlá ló sì ń bá sọ̀rọ̀. Ìdáàṣà ní òmìnira. Ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí owó ni Yorùbá.

N kò sọ èyí láti bú òfin náà. Ó dára, ó sì yá ju ti ọ̀pọ̀ lọ: ní 18 oṣù kejìlá 1992 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ṣe ìkéde tirẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ àwọn ẹ̀yà kékeré. Orílẹ̀-èdè tó ní èdè bí àádọ́ta kò lè tẹ ìwé ní gbogbo wọn lọ́jọ́ kan. Àmọ́ ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e ń tọ ojú ọ̀nà gbólóhùn kejì yẹn. Òfin ẹ̀kọ́ 2003 fàyè gba èdè ilẹ̀ wa ní ilé ìwé. Nígbà tí wọ́n sì dán an wò ní àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan láti 2013, èdè mẹ́fà ni wọ́n mú: Fọ̀n, Yorùbá, Àjà, Baatonum, Dendi àti Ditammari. Lórí ìwé, Ìdáàṣà ti wà níbẹ̀, torí Yorùbá wà níbẹ̀. Bí ó ṣe rí ní kíláàsì ni kí n wá ròyìn.

Ní abúlé kan lọ́nà Soclogbo, àwọn obìnrin tó ń fọ́ òkúta ló pọ̀ jù nínú kíláàsì wa. Láti àárọ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí ẹsẹ̀ àpáta, wọ́n á fi òòlù lu òkúta akọ títí yóò fi di wẹ́wẹ́, wọ́n á wọ́n ọn ní abọ́ fún àwọn onímọ́tò akóyanrìn. Nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú eruku funfun lára apá, wọ́n á wá jókòó síwájú pátákó. Ìwé tí a ń lò, Yorùbá gbogbogbò ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìyá kan tó ti mọ gbogbo lẹ́tà ka gbólóhùn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ṣì í níbì kankan. Ó gbójú sókè, ó ní: "Olùkọ́, ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé yìí?" Mo ní kí ìyá jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń béèrè gan-an. Kí ó tó dáhùn, èkejì rẹ̀ ti fi ẹ̀rín gbà á lẹ́nu: "Ará Kétu ni. Ṣé ẹ ò gbọ́ ohùn olùkọ́ fúnra wọn ni?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Ẹ jẹ́ kí àwa náà sọ̀rọ̀ níbẹ̀ nígbà kan."

A pa ìwé náà dé. Mo ní kí wọ́n sọ iye abọ́ òkúta tí wọ́n tà lọ́sẹ̀ náà, ẹni tó rà á, ẹni tó kù tí kò tíì sanwó, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nínú ilé. Mo kọ ọ́ sí pátákó bí ó ṣe jáde lẹ́nu wọn. Wọ́n kà á kíákíá, wọ́n sì ń já mi, pé ohùn ibí yìí wálẹ̀ ju bí mo ṣe fi àmì sí i. Lọ́jọ́ yẹn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí ṣe àtúnṣe iṣẹ́ olùkọ́. Kò sí ohun tí ìwé ìjọba lè fi san irú ìyẹn, torí ẹni tó lè sọ pé àṣìṣe wà nínú ohun tí wọ́n kọ nípa òun ti mọ̀wé.

Àwọn obìnrin náà kì í ṣe aláìgbọ́ Yorùbá. Wọ́n gbọ́ èyí tí mò ń sọ dáadáa. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó ń kọ́ ìwé kíkà ní àgbà ń ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀: ó ń mọ lẹ́tà, ó sì ń fi ohun tó kà wé ohun tó wà létí rẹ̀. Bí méjèèjì bá bára mu, ọkàn á balẹ̀. Bí wọn kò bá bára mu, á rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n, nígbà tó jẹ́ pé ìwé ni kò mọ̀ ọ́n. Púpọ̀ nínú àwọn tí a ń kọ sílẹ̀ pé wọ́n sá kúrò ní kíláàsì, ibẹ̀ ni wọ́n ti sá.

Lẹ́tà náà tún wà níbẹ̀. Álífábẹ́ẹ̀tì tiwa ní Bẹ̀nẹ̀ ń kọ ɛ àti ɔ àti sh, níbi tí Nàìjíríà ti ń kọ ẹ àti ọ àti ṣ. Ẹni tó bá kàwé tán ní kíláàsì Dassa, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì mú ìwé ìtàn bọ̀ láti Ìbàdàn, ní láti tún ojú rẹ̀ kọ́ kó tó lè kà á. Àwọn onímọ̀ láti Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ti jókòó pọ̀ lábẹ́ CASAS, ilé ìwádìí tí Kwesi Prah dá sílẹ̀ ní Cape Town, wọ́n sì gbé ọ̀nà ìkọ̀wé kan ṣoṣo kalẹ̀ fún gbogbo ẹ̀ka Yorùbá. Títí dòní, ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ ní Ìbàdàn àti èyí tí a ń tẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ kò tíì jọra. Nítorí náà, ọrọ̀ ńlá tí ẹni tó ń pínwó rò pé Ìdáàṣà ní lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló wà lẹ́yìn odi.

Ìṣòro kan náà ni mo rí nígbà tí owó gan-an bá dé. Ní 2020 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀yáwó kékeré tí wọ́n pè ní Alafia, tó ń gba orí fóònù dé ọwọ́ ẹni, láti 30,000 fráǹkì. Orúkọ ètò náà yé gbogbo ènìyàn, ó sì wúlò fún àwọn oníṣòwò wa. Ìfìránṣẹ́ tó ń wọlé sórí fóònù, Faransé ni. Àwọn tó ti jókòó ní kíláàsì máa ń ka iye owó fúnra wọn, torí a ti kọ́ wọn ní ìṣirò, wọ́n á wá pe ọmọ ilé ìwé kó ka ìyókù. Ọjọ́ tí ọmọ náà kò bá sí nílé ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí a yà sọ́dọ̀ àwọn oníwàádìí, torí kò sí ètò tó dára tí kò ní ìwádìí lábẹ́. Ìdáàṣà kì í ṣe ẹni tí wọn kò mọ̀. Ní 1949, Jacques Bertho kọ̀wé lórí bí àwọn ènìyàn Dàhòmì àti Tógò ṣe bá Yorùbá tan. Pierre Verger tọ ipa òrìṣà Nàná Bùkúù dé agbègbè òkè yìí, ó sì kó ìmọ̀ rẹ̀ sínú ìwé ńlá tó tẹ̀ jáde ní Dakar ní 1957. Ní 1972, John Igué àti Ọlábíyì Yáì, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ méjì, kọ àpilẹ̀kọ lórí àwọn tó ń sọ Yorùbá ní Dàhòmì àti Tógò. Bíọ́dún Adédìran kọ ìwé lórí àwọn ìjọba ààlà ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, ó jáde ní Ìbàdàn ní 1994. Ẹlẹ́sìn Nanã kan ní Bahia, ní Bùràsílì, lè mọ orúkọ òkè wa ju akọ̀wé tó ń pín ìwé ilé ẹ̀kọ́ lọ.

Iṣẹ́ tó súnmọ́ tèmi jù ni ti SIL, àjọ àwọn onímọ̀ èdè tó lọ yí ká gbogbo ẹ̀ka tí wọ́n pè ní Èdè ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Àbọ̀ wọn jáde ní 2011, Ìdáàṣà sì ní ìwé tirẹ̀ níbẹ̀. Ìbéèrè wọn ni ìbéèrè tí gbogbo wa ń bi ara wa: ṣé ìwé tó ti wà ní Yorùbá tàbí ní Ìfẹ̀ ti Tógò lè tó àwọn yòókù lò? Ọ̀nà tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ń gbà ṣiṣẹ́ dùn mọ́ mi. Wọ́n á ní kí ẹnì kan sọ ìtàn kékeré tó ṣẹlẹ̀ sí i gan-an, bóyá ọjọ́ tí ejò lé e lóko. Wọ́n á gbà á sílẹ̀, wọ́n á fi ìbéèrè há a láàárín, wọ́n á gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Níbẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan létí, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí aládùúgbò má baà ràn án lọ́wọ́. Kí ló lé e? Ibo ló sá gbà? Iye ìdáhùn tó tọ̀nà ni wọ́n á fi mọ bí èdè kan ṣe súnmọ́ èkejì tó.

Ṣùgbọ́n olùwádìí tó gbọ́n máa ń béèrè ohun kan sí i: ǹjẹ́ o ti gbé Nàìjíríà rí? Ọkùnrin tó ti ṣiṣẹ́ oko lọ́dọ̀ àwọn Ẹ̀gbá á dáhùn gbogbo rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọmọbìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kọjá ọjà Glazoué rí á ṣì díẹ̀. Bí a bá pa iye àwọn méjèèjì pọ̀, a ó ní Ìdáàṣà gbọ́ Yorùbá. Òótọ́ sì ni, bí ẹni tí à ń béèrè nípa rẹ̀ bá jẹ́ ọkùnrin tó ti rìnrìn àjò. Àwọn tó wà ní kíláàsì mi, obìnrin tó ń fọ́ òkúta ni wọ́n.

Ẹ̀dùn ọkàn mi kan lórí ìwádìí ni pé kì í padà wálé. Àwọn àgbà tó sọ̀tàn sínú ẹ̀rọ, tí wọ́n sun iṣu fún àlejò, kì í mọ ibi tí ohùn wọn wọlẹ̀ sí. Àbọ̀ náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé, fún gbogbo ayé. Lórí òkè tí wọ́n ti kó ọ̀rọ̀ náà, kò sí ẹ̀dà kan. Bí ó ṣe rọrùn tó láti tún un ṣe! Kí wọ́n padà wá ní ìrọ̀lẹ́ kan, kí wọ́n ka ohun tí wọ́n rí ní ẹnu ìlú, kí wọ́n gbọ́ àwọn tó máa já wọn.

Ó yẹ kí n gbọ́ ti àwọn tí kò bá mi lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ olùkọ́ ní Àjàṣẹ́ máa ń sọ fún mi pé bí Ìdáàṣà bá ní ìwé tirẹ̀, Ṣábẹ̀ẹ́ á fẹ́ tirẹ̀, Ìṣà á fẹ́ tirẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí Yorùbá Bẹ̀nẹ̀ á fi di ẹ̀ka wẹ́wẹ́ tí Fọ̀n àti Faransé á gbé mì. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ló máa ń wí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìwọ̀n. Ẹ̀yà tó bá dá dúró lórí iye kékeré kì í rí ilé ìtẹ̀wé tó máa dá a lóhùn. Ó tún máa ń mú iṣẹ́ Babs Fafunwa wá fún mi. Láti oṣù kíní 1970, Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà ní ilé ìwé St. Stephen ní Modákẹ́kẹ́, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ta àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ.

Mo gba iṣẹ́ Fafunwa gbọ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ọmọ Modákẹ́kẹ́ ń gbọ́ Yorùbá inú ìwé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní rédíò, lẹ́nu oníwàásù, ní ọjà, kó tó tẹ ilé ìwé. Ohùn ìwé náà jẹ́ ohùn tó mọ̀. Ọmọ Ìdáàṣà, ohun tó ń gbọ́ yí ilé wọn ká ni Fọ̀n àti Faransé. Ẹni tó bá gbé àbájáde Ifẹ̀ wá sí Dassa láìgbé àkàbà dání, Yorùbá ló máa fi ṣe ohun tí Faransé ti ṣe tẹ́lẹ̀.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí kíkà àkọ́kọ́ jẹ́ ní ẹnu Ìdáàṣà: orúkọ ènìyàn, orúkọ òkè, ìṣirò òkúta, iṣu àti kajú, ìtàn tí àgbà pa. Oṣù díẹ̀ tó fún ìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, kí a ṣí ìwé Yorùbá gbogbogbò, tí ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti wà lórí ilẹ̀ tó mọ̀, kí ó máa rí ibi tí èdè méjèèjì ti pàdé àti ibi tí wọ́n ti yà. Báyìí, ọ̀rẹ́ mi ti Àjàṣẹ́ kò pàdánù ìṣọ̀kan rẹ̀, ìyá tó ń fọ́ òkúta náà sì ti sọ̀rọ̀ nínú ìwé. Kó má sì tán lórí Ìdáàṣà: Màhì ti Paouignan náà gbọ́dọ̀ rí kíláàsì tirẹ̀, torí ohun tí a bá ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó jù wá lọ, a kò gbọ́dọ̀ fi du ẹni tí a jù lọ.

Rédíò ti fi hàn wá pé ó ṣeé ṣe. Òfin 1997 ṣí afẹ́fẹ́ sílẹ̀ fún àwọn rédíò tí kì í ṣe ti ìjọba, ìlú kéékèèké sì rí ẹ̀rọ gbé kalẹ̀. Dassa ní Radio Ilèma. Rédíò kò ní kí a kọ́kọ́ parí ìjà lẹ́tà kó tó lè sọ̀rọ̀. Ìkìlọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára, iye iṣu lọ́jà, ìkéde òkú, gbogbo rẹ̀ ń jáde ní ẹnu tí ènìyàn fi ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ètò ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà bá fi ara ti rédíò, tí wọ́n ka ẹ̀kọ́ tí kíláàsì kọ lọ́sẹ̀ sórí afẹ́fẹ́, ẹni tí kò wá gan-an á máa kọ́ ọ.

Ọ̀ràn ìkànìyàn kò ṣòro tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ní Wales, láti 1891 ni ìkànìyàn Gẹ̀ẹ́sì ti ń béèrè ẹni tó ń sọ èdè ilẹ̀ náà. Iye tí wọ́n ń rí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni àwọn tó ń jà fún èdè náà gbé dání, títí òfin 1993 fi ní kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba máa fi Wales àti Gẹ̀ẹ́sì dá ará ìlú lóhùn bákan náà. Iṣẹ́ tiwa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí: wọ́n ti béèrè, wọ́n ti kọ ọ́. Kí wọ́n tẹ iye Ìdáàṣà, Ṣábẹ̀ẹ́, Ìṣà àti Màhì jáde ní kọ̀múùnù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì pín ìwé àti olùkọ́ gẹ́gẹ́ bí iye náà. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n fa Ìdáàṣà yọ kúrò lára Yorùbá. Ọmọ lè jẹ́ orúkọ ìdílé, kó sì jẹ́ orúkọ ara rẹ̀.

Ohun tó kù ni ẹni tó máa sanwó. Olùkọ́ ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní abúlé wa ń gba owó táṣẹ́rẹ́ fún oṣù tí ètò bá fi wà, ìyẹn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí oko bá sinmi. Bí òjò bá dé, ètò tán, owó tán, olùkọ́ padà sóko tàbí kó gba Kútọnu lọ. Ètò tó bá gbẹ́kẹ̀ lé ohùn mínísítà nìkan kì í pẹ́. Ní 2022, ìjọba Nàìjíríà kéde pé èdè abínibí ni wọ́n á fi máa kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀; ní oṣù kọkànlá 2025, wọ́n kéde pé àwọn ti fagi lé e. Ohun tí ẹnu gbé kalẹ̀, ẹnu ló gbé e kúrò. Ní tiwa, láti ìgbà tí àwọn kọ̀múùnù 77 ti ní ìgbìmọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2003, ìwé ìṣúná wà lọ́wọ́ wa nílé. Àwọn kọ̀múùnù mẹ́fà Collines tilẹ̀ ní ẹgbẹ́ kan, tí wọ́n fi bá ẹkùn Picardie ti Faransé ṣiṣẹ́ pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹgbẹ́ yẹn lè tẹ ìwé kan tí Ìdáàṣà, Ìṣà àti Ṣábẹ̀ẹ́ jọ ní ojú ewé nínú rẹ̀, tí kọ̀múùnù kan ṣoṣo kò ní lè gbé owó rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìjọba ń ran Ìdáàṣà lọ́wọ́, kó má wulẹ̀ fi etí sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ní 8 oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà lágbàáyé. Kó lọ sí ilé ìjọba kọ̀múùnù, kó ní kí wọ́n fi ìwé ìṣúná ọdún yìí han òun, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Kó wá ìlà mẹ́ta níbẹ̀: owó olùkọ́ fún oṣù 12, owó ìwé tí a fi ẹnu ibẹ̀ kọ, owó àkókò lórí rédíò. Ìlà tó bá ṣófo, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè ní ìpàdé ìgbìmọ̀ tó ń bọ̀.